Ìṣirò Ohun Tí Ó Kù fún Ẹni Tí Iṣẹ́ Bọ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ìlú sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

Iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ rán wa ni pé kí a sọ, ní ṣókí, ohun tí ó yẹ kí ọmọ Òṣòdì tàbí ọmọ Ìsọlọ̀ máa retí láti ọwọ́ ìjọba àti láti ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí ó máa lọ sí ilé. Ọ̀rọ̀ náà gùn ju bí wọ́n ti rò lọ. Nítorí náà ẹ fún wa ní sùúrù díẹ̀, pàápàá níbi tí a bá ti ń ṣe ìṣirò.

Kò sí ẹni tí í kọ́ ọmọ Ìsọlọ̀ pé ilé-iṣẹ́ a máa kú bí ènìyàn. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjà Aswani ń kún, tí àwọn ènìyàn ń wá ra aṣọ àti bàtà láti ìdí gbogbo ní Èkó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọdé tí ń bá ìyá wọn ru ẹrù níbẹ̀ kò mọ̀ pé orúkọ ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ni orúkọ ọjà náà. Ilé-iṣẹ́ lọ, orúkọ kù. Afprint pẹ̀lú ṣe aṣọ ní etí òpópónà Òṣòdì sí Àpápá, ìyẹn náà sì dẹ́kun aṣọ ṣíṣe. Ètò ọrọ̀-ajé ti ọdún 1986 sọ owó náírà di yẹpẹrẹ, iná mànàmáná kò dúró, aṣọ fàyàwọ́ sì ń wọlé ní ẹ̀dínwó; ní ìkẹyìn ẹ̀rọ dákẹ́. Àwọn tí ẹ̀rọ dákẹ́ lé lórí nígbà náà wà láàrin wa níhìn-ín. Àwọn ọmọ wọn ni ó ń ṣiṣẹ́ báyìí ní Màtórì, ní Ìlasamàjà àti ní Òkòtà, àwọn ni a sì ń bá sọ̀rọ̀ jù lọ lónìí.

Ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn ń kọ́kọ́ bi wá ni pé, ǹjẹ́ ìjọba Nàìjíríà a máa san owó fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Kì í san án. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 kò gbàgbé aláìníṣẹ́. Abala 16 rẹ̀ sọ pé kí ìjọba darí ètò rẹ̀ sí ọ̀nà tí gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè yóò fi rí ilé gbé, tí wọn yóò rí oúnjẹ jẹ, tí a ó tọ́jú arúgbó, tí aláìsàn àti ẹni tí kò níṣẹ́ yóò sì rí owó ìrànwọ́ gbà. Ṣùgbọ́n inú orí kejì ìwé náà ni ọ̀rọ̀ yìí wà, abala 6 sì ti ilẹ̀kùn ilé-ẹjọ́ mọ́ orí kejì: ẹnikẹ́ni kò lè pe ìjọba lẹ́jọ́ pé kò mú un ṣẹ. Wọ́n gbé oúnjẹ sí orí àjà, wọ́n sì gbé àkàsọ̀ kúrò nídìí rẹ̀.

Kì í ṣe pé ìjọba kò tilẹ̀ gbìyànjú rí. Ní 1961, nígbà tí òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ọdún kan, a dá National Provident Fund sílẹ̀, tí òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá jọ ń dá owó sí. Ní 1993 a sọ ọ́ di Nigeria Social Insurance Trust Fund. Àjọ náà ṣì wà, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 2010, ẹni tí ó fara pa, tí ó ṣàìsàn tàbí tí ó kú nítorí iṣẹ́ ni ó ń tọ́jú. Ẹni tí a dá dúró pẹ̀lú ara líle kò ní ohun kan láti gbà níbẹ̀. Ní 2004 ni òfin tuntun lórí owó ìfẹ̀yìntì dé, a sì tún un ṣe ní 2014. Inú òfin 2014 yìí ni fèrèsé kékeré kan wà fún aláìníṣẹ́, owó ara rẹ̀ ni a sì ń gbà fún un láti ojú fèrèsé náà, kì í ṣe owó ìjọba.

Òfin náà pàṣẹ pé ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa dá owó ìfẹ̀yìntì. Ọ̀gá yóò dá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán. Òṣìṣẹ́ yóò dá ìdá 8. Orí ohun mẹ́ta ni a ti ń ṣírò rẹ̀: ojúlówó owó oṣù, owó ilé àti owó ọkọ̀. Láàrin ọjọ́ iṣẹ́ 7 tí ọ̀gá bá san owó oṣù ni ó gbọ́dọ̀ fi owó náà ránṣẹ́ sí àkáǹtì òṣìṣẹ́. Ẹni tí kò ì tíì pé ọmọ 50 ọdún, tí iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lè gba tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ó wà níbẹ̀, bí oṣù mẹ́rin bá ti kọjá tí kò rí iṣẹ́ mìíràn. Lábẹ́ òfin 2004, oṣù mẹ́fà ni. Ìyókù wà níbẹ̀ di ọjọ́ ogbó.

Ẹ fojú sí oṣù mẹ́rin yẹn dáadáa. Òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí a wá sọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kò sí níbì kankan, ẹ̀yin tí ẹ jọ ọ́ ni ẹ pọ̀. Ọmọ ọdún 41 ni. Ó ti ṣiṣẹ́ ọdún méje ní ilé-iṣẹ́ kan. Ojúlówó owó oṣù rẹ̀ jẹ́ 60,000 náírà, owó ilé 25,000, owó ọkọ̀ 15,000, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 100,000. Owó oúnjẹ, owó ilé tí ó ń gbé àti owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ń gba 90,000 lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù. Ní ọjọ́ Ẹtì kan wọ́n fún un ní ìwé pé kò sí iṣẹ́ mọ́.

Kí ni ó tọ́ sí i? Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, tí a ṣe ní àwọn ọdún 1970, sọ iye ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ fi ṣe ìkìlọ̀ fún òṣìṣẹ́ alágbára àti akọ̀wé kí a tó dá a dúró. Ẹni tí kò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ kan. Ẹni tí ó ju oṣù mẹ́ta lọ tí kò pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Láti ọdún méjì títí dé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún márùn-ún sókè, oṣù kan. Bí wọn kò bá fẹ́ kí ó dúró parí ọjọ́ ìkìlọ̀, wọ́n lè san owó rẹ̀ dípò. Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń retí ohun tí kì yóò dé. Ọkùnrin wa yóò máa retí 100,000, ṣùgbọ́n òfin ní kí a yọ owó àfikún iṣẹ́ àti àwọn owó àjẹmọ́nú mìíràn kúrò nínú ìṣirò yìí, nítorí náà 60,000 ni yóò rí, àfi bí ìwé àdéhùn rẹ̀ bá sọ ohun tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó ọjọ́ tí ó ti ṣiṣẹ́ nínú oṣù náà tún tọ́ sí i, àti owó ìsinmi ọdún tí kò ì tíì lò.

Wàyí o, owó ìfẹ̀yìntì. Ìdá 18 nínú 100,000 jẹ́ 18,000 lóṣù. Ọdún méje jẹ́ oṣù 84. Bí a bá fi 84 sọ 18,000 di púpọ̀, ó di 1,512,000 náírà, láìka èrè tí owó náà jẹ àti owó iṣẹ́ tí àwọn olùtọ́jú rẹ̀ yọ. Ìdá 25 nínú rẹ̀ jẹ́ 378,000. Etí ẹni a máa dùn láti gbọ́ iye yẹn! Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin ni yóò fi dúró kí ó tó lè béèrè rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ní 90,000 lóṣù jẹ́ 360,000. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún àkókò náà ni 60,000. Ó di dandan kí ó wá 300,000 láti ibòmíràn: lọ́dọ̀ ìyàwó, lọ́dọ̀ onílé tí yóò bẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn tí ń yáni lówó lórí ẹ̀rọ alágbèéká tí èlé wọn ń ga lójoojúmọ́. Nígbà tí 378,000 bá fi dé, gbèsè ti jẹ 300,000 nínú rẹ̀. 78,000 ni ó kù, kò sì tó oúnjẹ oṣù kan.

Ìṣirò ti ọ̀gá tí ó ṣe déédéé ni èyí. Àwọn ọ̀gá kan wà tí ń yọ ìdá 8 kúrò nínú owó òṣìṣẹ́ lóṣooṣù, tí wọn kì í sì í fi ránṣẹ́. Bí ọ̀gá ọkùnrin wa bá jẹ oṣù 30, oṣù 54 péré ni yóò wà nínú àkáǹtì, èyí tí í ṣe 972,000. Ìdá 25 rẹ̀ jẹ́ 243,000. Gbèsè 300,000 dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, ó sì tún ku 57,000 tí kò rí san. Òfin gba pé kí ọ̀gá bẹ́ẹ̀ san owó ìtanràn tí kò ní dín ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù lórí ohun tí ó jẹ, Àjọ PenCom ni ó sì ń gba ẹ̀sùn náà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi sùn? Ẹni tí kò wo ìwé àkáǹtì rẹ̀ fún ọdún méje kò lè mọ̀ pé a jẹ ẹ́. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn olùtọ́jú owó wọ̀nyí ní láti máa fi ìròyìn àkáǹtì ránṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ kà á nígbà tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, tí ẹ ṣì lè wọ ọ́fíìsì tí ẹ lè béèrè láìjẹ́ pé ọlọ́dẹ dá yín dúró lẹ́nu géètì.

Owó kan ṣì wà tí ó lè yí ìṣirò yìí padà, òun ni owó tí à ń san fún òṣìṣẹ́ tí a dá dúró nítorí pé iṣẹ́ kò sí. Òfin iṣẹ́, ní abala 20, pàṣẹ pé kí ọ̀gá sọ ìdí rẹ̀ àti iye ènìyàn tí ọ̀ràn kàn fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Pé ẹni tí ó dé kẹ́yìn ni kí ó kọ́kọ́ lọ, bí ìmọ̀ iṣẹ́ àti ìṣeégbẹ́kẹ̀lé wọn bá dọ́gba. Pé kí ọ̀gá sì sa ipá rẹ̀ láti bá wọn dúnàádúrà lórí owó tí yóò san. Ṣùgbọ́n òfin kò dárúkọ iye kan. Ẹnu ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ìwé àdéhùn ni iye rẹ̀ wà. Bí ìwé àdéhùn ilé-iṣẹ́ ọkùnrin wa bá sọ pé ojúlówó owó oṣù kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí ó fi sìn, yóò gba 420,000, yóò sì la oṣù mẹ́rin já láì tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí kò bá sí àdéhùn kan, ohun tí ojú ọ̀gá bá rí ni yóò fún un.

Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀ yín nípa ìwé. Òfin ní kí ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tí ó ṣàlàyé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń ṣe kásúà fún ọdún mẹ́fà, ọdún mẹ́jọ, lábẹ́ alágbàṣe tí wọn kò rí ojú rẹ̀ rí, láìní ìwé kan àyàfi káàdì tí wọ́n fi ń wọlé. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyí, kí ni wọn yóò bojú wẹ̀yìn rí? Ìwé kan tún wà tí à ń gbé síwájú òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ tí ó ń lọ, tí ó sọ pé ó ti gba gbogbo ohun tí ó tọ́ sí i, kò sì ní béèrè ohunkóhun mọ́. Ojú ń kán an, ebi ń pa á, sọ̀wédowó wà lórí tábìlì, ó sì fọwọ́ sí i. Lójú tiwa, kò sí ohun tí ó ń ba nǹkan jẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní àdúgbò wa tó ìwé yìí. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ mú un lọ sílé kà. Ẹ ṣe ìṣirò yín ní alẹ́ ọjọ́ náà. Bí ohun tí wọ́n kọ kò bá bá tiyín mu, Ọ́fíìsì Public Defender ti Ìpínlẹ̀ Èkó wà tí kì í gba owó, Ilé-ẹjọ́ National Industrial Court sì ní agbára láti túmọ̀ àdéhùn tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá ọ̀gá ṣe.

Ẹ̀yin ọmọ wa ní òkè òkun, a mọ̀ pé tiyín yàtọ̀. A sì fẹ́ kí àwọn ará ilé gbọ́ bí ó ti yàtọ̀, nítorí àwọn kan rò pé ìjọba níbẹ̀ ń bọ́ yín títí láé. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1935 ni ó gbé ètò náà kalẹ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ìṣirò tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú Texas, nítorí àwọn tí ń bẹ ní Houston. A pín ọdún sí ọ̀nà mẹ́rin, oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Nínú ìdá márùn-ún tí ó parí kẹ́yìn, mẹ́rin àkọ́kọ́ ni à ń wò; ẹni tí ó bá kọ̀wé béèrè ní oṣù kìíní 2026, oṣù kẹwàá 2024 títí dé oṣù kẹsàn-án 2025 ni wọn yóò wò fún un. Ìdá oṣù mẹ́ta tí owó rẹ̀ pọ̀ jù ni a ó fi 25 pín. Bí ó bá jẹ́ 10,400 dọ́là, 416 dọ́là ni yóò máa gbà lọ́sẹ̀, bí kò bá ti kọjá góńgó tí ìpínlẹ̀ fi lélẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po 26 iye yìí lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tí ó gbà ní oṣù 12 náà. Èyí tí ó kéré nínú méjèèjì ni a ó mú. Owó orí ìjọba àpapọ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá fúnra rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìsí ìdí pàtàkì kì yóò rí i gbà.

Ní ìlú ọba, tí ó ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láti 1911, a kì í wo bí owó oṣù ti pọ̀ tó. Iye kan náà ni, fún bí oṣù mẹ́fà: 92.05 pọ́n-ùn lọ́sẹ̀ fún ẹni ọdún 25 sókè nínú ọdún ìṣúná tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2025, fún ẹni tí ó ti san owó ìbánigbófò tó fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú. Òṣìṣẹ́ tí ó ti pé ọdún méjì níbẹ̀, tí a dá dúró nítorí iṣẹ́ kò sí, tún ní owó ọ̀sẹ̀ kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí ó fi ṣiṣẹ́ láàrin ọmọ ọdún 22 sí 40, ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀ láti 41 sókè, ọ̀sẹ̀ ààbọ̀ fún èyí tí ó ṣe kí ó tó pé 22. Òfin ni ó sọ iye rẹ̀, kì í ṣe ojú àánú. Ohun kan sì wà tí ọ̀pọ̀ yín kò mọ̀: ìwé ìwọ̀lú tí a kọ sí lára pé ẹni tí ó ni ín kò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba kò kan owó tí à ń gbà nítorí ìbánigbófò tí ènìyàn ti san, nítorí owó náà kò sí lára èyí tí a kà léèwọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìwé rẹ̀ so mọ́ ọ̀gá kan ṣoṣo, ọjọ́ 60 ni a sábà máa ń fún un láti wá ọ̀gá mìíràn tàbí kí ó kẹ́rù rẹ̀. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ rántí ọjọ́ 60 yìí nígbà tí ẹ bá ń pè wọ́n fún owó aṣọ ẹbí.

Àwọn ìyá wa láti Bọ́ládé ti ń wò wá bí ẹni pé a gbàgbé wọn. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ wó ọjà Owónífarí ní oṣù kìíní 2016, kò sí ọ̀gá tí ẹnikẹ́ni ìbá bi léèrè owó ìkìlọ̀. Ní 2019 a ṣí ètò owó ìfẹ̀yìntì sílẹ̀ fún oníṣòwò, awakọ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́, tí ènìyàn lè máa dá iye tí agbára rẹ̀ ká. A gbé e kalẹ̀ pé ìdá 40 nínú rẹ̀ wà fún ìgbà ìṣòro, ìdá 60 fún ọjọ́ ogbó. Kò burú, ṣùgbọ́n alájọ ń dé ìdí ìgbá yín láràárọ̀, àwọn yìí kì í dé ibẹ̀.

Èyí tí ó kù ni ohun tí a fẹ́ kí ìpàdé yìí jíròrò kí a tó túká. Ẹgbẹ́ wa a máa dá owó fún ìsìnkú, kì í sì í pẹ́ pé. A ní kí a dá owó kan fún oṣù mẹ́rin náà, kí ó jẹ́ ẹ̀yáwó tí kò ní èlé, kí ó má sì ju ìdajì ìdá 25 ẹni náà lọ. Fún ọkùnrin àpẹẹrẹ wa, ìyẹn jẹ́ 189,000, oúnjẹ oṣù méjì. Yóò san án padà ní ọjọ́ tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ bá jáde. Bí ó bá rí iṣẹ́ kí oṣù mẹ́rin tó pé, yóò máa san án díẹ̀díẹ̀ láti inú owó oṣù tuntun. Alàgbà kan ti bi wá pé bí kò bá san án ńkọ́? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ẹni tí ó ni àkáǹtì nìkan ni àwọn olùtọ́jú owó yóò san án fún, wọn kì yóò san án fún ẹgbẹ́. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ní onídùúró méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, a sì gbọ́dọ̀ rí ìròyìn àkáǹtì rẹ̀ kí owó tó kúrò nílẹ̀, kí a má baà yá ènìyàn lówó lórí àkáǹtì òfìfo. Àwọn ẹ̀ka òkè òkun ni a ń wò fún owó ìpìlẹ̀ rẹ̀. Akọ̀wé yóò ka iye tí a dábàá fún yín láìpẹ́.

Ní báyìí ná, tábìlì kan wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn yìí, àwọn ọmọ wa mẹ́ta tí ó mọ ìṣirò sì jókòó tì í. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún yìí, tàbí tí ó ń gbọ́ wúruwùru pé yóò bọ́, kí ó mú ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ wá, ìwé owó oṣù mẹ́ta tí ó gbà kẹ́yìn, nọ́ḿbà àkáǹtì ìfẹ̀yìntì tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN, àti ìwé ìdádúró náà, bí ó bá ti gbà á. Kí ó má ì tíì fọwọ́ sí i.